Ọ̀pá Tí Ń Mi Ohùn Gìtá: Kí Là Ń Sanwó Fún Gan-an?

Nínú gbogbo ohun tó wà lára gìtá oníná, mi ò rò pé ọ̀kan wà tí àwọn òǹtajà fi ń mú oníbàárà tó ọ̀pá kékeré tó yọ lára bíríìjì, níbi tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti so mọ́ igi. Tremolo ni ọ̀pọ̀ onígìtá wa ń pè é; whammy ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò ń pè é. Ẹni tó ń tà á yóò ta okùn kan, yóò tẹ ọ̀pá náà, ohùn á já wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Yóò jọ̀wọ́ rẹ̀, ohùn á tún gòkè padà. Ojú ọmọ tó wá ra gìtá á tàn, owó ọjà á sì ti kúrò níbi tó wà. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá okùn náà padà sí ibi tó wà kí wọ́n tó tẹ ọ̀pá.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn tó ń fi gìtá ṣeré nílé nìkan. Láti àárín ìlú Ọ̀wọ̀ títí dé Ìfọ́n àti Ìdóàní, gìtá oníná ti di ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹgbẹ́ olórin tó ń lọ síbi òkú àgbà àti ìgbéyàwó, àti ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rufus Giwa Polytechnic tó ń kọ́ra wọn lórin nínú yàrá. Ohun tó ń dé ọwọ́ wọn kì í sábà ju oríṣi méjì lọ: tòkunbọ̀ tó ti ìlú òyìnbó dé, tàbí tuntun olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà tó gba Èkó tàbí Bìní wọlé. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Bìní gba Ìfọ́n kọjá, nítorí náà ọjà Bìní kò jìnnà sí wọn. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àwòkọ Stratocaster, tí tremolo wà lára rẹ̀ bí ẹni tó rà á fẹ́, bí kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sanwó fún ohun tí wọn kò yàn.

Kí a tó lè sọ pé nǹkan dára, ó yẹ ká mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Okùn gìtá mẹ́fà, bí wọ́n bá jẹ́ oríṣi tín-ínrín tó bẹ̀rẹ̀ láti .009, ń fa bíríìjì síwájú pẹ̀lú agbára tó tó kílógíráàmù 38 lápapọ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti .010, ó lè tó 46. Lẹ́yìn gìtá, nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú igi, sípíríngì mẹ́ta sí márùn-ún ń fa bíríìjì kan náà sẹ́yìn. Ibi tí ìfà méjèèjì ti dọ́gba ni bíríìjì dúró sí. Bí ọwọ́ bá tẹ ọ̀pá, bíríìjì á dà síwájú, okùn á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Bí ọwọ́ bá fi í sílẹ̀, sípíríngì á fà á padà. Ọgbọ́n ibẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ padà sí ojú kan náà gẹ́lẹ́, nítorí etí a máa gbọ́ ìyàtọ̀ tí ojú kò lè rí.

A kò ní láti ṣàlàyé èyí fún ọmọ Yorùbá lọ títí. Ohun tí onígángan ń fi apá ṣe sí ọsán ìlù rẹ̀ nìyí: ó fún un, ohùn gòkè, ó dẹ̀ ẹ́, ohùn wálẹ̀. Kò sì sí ẹni tó máa yin gángan tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti yàtọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fún un díẹ̀. Ibi tí gìtá ti yàtọ̀ ni pé okùn mẹ́fà ló ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, okùn kọ̀ọ̀kan sì ní ìnípọn tirẹ̀, nítorí náà wọn kì í wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀dù fi ń dàrú bí wọ́n bá tẹ ọ̀pá jinlẹ̀, tí ohùn okùn ẹyọ kan kò sì ní dàrú.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń bá ọ̀rọ̀ pípadà yìí jà. Ní Amẹ́ríkà, Doc Kauffman gba ìwé àṣẹ lórí Vibrola tirẹ̀ ní 1932. Merle Travis, onígìtá orin ìgbèríko ilẹ̀ náà, ní ọ̀kan lára gìtá rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kì í dúró fún un, ló bá gbé e tọ Paul Bigsby lọ. Bigsby pa ti Kauffman tì, ó ṣe tirẹ̀, ohun tó ṣe náà ló ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ọ̀pá Bigsby kì í lọ jìnnà: ohùn kàn ń gbọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó wúwo, ó wọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Èyí tó kàn wá jù ni ti Leo Fender, tó jáde pẹ̀lú Stratocaster ní 1954. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé ibi tí okùn ti so àti ibi tí okùn gbé ara lé jọ wà lára irin kan náà, wọ́n jọ ń lọ, wọ́n jọ ń bọ̀, nítorí náà okùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ lórí bíríìjì. Síkúrù mẹ́fà ló dì í mú níwájú; abẹ́ rẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù irin tó wúwo, tí àwọn okùn gbà wọlé, tí sípíríngì sì kọ́ mọ́. Nígbà tó yá ni àwọn kan fi òpó méjì rọ́pò síkúrù mẹ́fà, irú èyí tí Trevor Wilkinson ará Bírítéènì fi lókìkí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni Floyd Rose dé pẹ̀lú ọgbọ́n mìíràn: ó fi irin ti okùn pa ní orí àti ní ìdí, kí ó má baà ríbi yọ̀ rárá. Mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn Jazzmaster tí Fender ṣe ní 1958 yóò ní mo fi tiwọn sílẹ̀. Kí wọ́n jọ̀wọ́. Ẹni tó bá rí ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Ọ̀sẹ̀ kó pè mí.

Ó yá, báwo la ṣe ń mọ èyí tó dára? Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ojú tí bíríìjì fi ń ti síkúrù tàbí òpó rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n pọ́n tín-ínrín, gbogbo agbára okùn tí mo kà lókè yìí sì wà lórí rẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Bó bá jẹ́ irin líle, yóò pẹ́ kó tó kú. Bó bá jẹ́ àdàlù síńkì tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù, kò ní pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ á fi rún. Bíríìjì tó bá ti rún bẹ́ẹ̀ á ní ibùsùn méjì: ó ń padà sí ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó ń padà sí èkejì lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á sókè. Kò sí bí ẹ ṣe lè yí pẹ́gì tó tí ìyẹn yóò fi san.

Kò pọn dandan kí ẹ tú gìtá ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó mọ irin tó wà níbẹ̀. Òòfà tí wọ́n yọ nínú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ti tó. Òòfà ń mú irin dáadáa. Kì í mú síńkì, kì í mú idẹ. Bó bá kàn fà á fẹ́ẹ́rẹ́, tí kò dì mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi pa á lára ló ń fà á, tí inú rẹ̀ sì jẹ́ síńkì. Ṣíṣí rọ́bà tó bo ẹ̀yìn gìtá kì í gbà ju síkúrù mẹ́fà lọ. Bí ẹni tó ń tà á bá gbà, ẹ ṣí i, kí ẹ wo búlọ́ọ̀kù. Èyí tó tín-ínrín tí kò gùn yóò fara hàn. Ìnípọn igi ara gìtá olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń dín, nítorí náà búlọ́ọ̀kù inú rẹ̀ kúrú, bíi mílímítà 36, nígbà tí ti gìtá tó nípọn máa ń kọjá 40.

Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ bíi pé síńkì jẹ́ èèwọ̀. Fender fúnra rẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù irin sílẹ̀ ní nǹkan bí 1971, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo àdàlù síńkì. Orúkọ ńlá kò túmọ̀ sí irin gidi. Àwọn tó ń ta búlọ́ọ̀kù irin àti ti idẹ fún ìpààrọ̀ ń sọ pé ohùn yóò pẹ́ kó tó kú, yóò mọ́, yóò jinlẹ̀. Díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí irin tó wúwo kì í tètè gba agbára okùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn bá ti gba inú píkọ́ọ̀pù, tó gba inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára, tó sì bá ìlù mẹ́rin àti kíbọ́ọ̀dù méjì pàdé nínú gbọ̀ngàn, ta ni yóò gbọ́ ọ? Ibi tó yẹ kí irin líle wà ni ojú tó ń ti síkúrù yẹn. Búlọ́ọ̀kù lè dúró de ọdún tí owó bá pọ̀.

Ojú ihò tí ọ̀pá ń wọ̀ ni ibi kejì tí ẹ̀tàn máa ń farapamọ́ sí. Ẹ yí ọ̀pá wọlé, kí ẹ mì í. Bó bá ń fì kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ojú ihò náà ti jẹ. Nínú búlọ́ọ̀kù síńkì, kì í pẹ́ jẹ. Àwọn onígìtá ní ọgbọ́n kan fún un: wọ́n á fi tépù funfun tí àwọn tó ń ṣe páìpù omi ń lò wé ojú síkúrù ọ̀pá náà kí wọ́n tó yí i wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí kò ní oògùn ni ọ̀pá tó ti kán sínú ihò. Ẹni tó bá rí gìtá tòkunbọ̀ tí kò ní ọ̀pá, tí wọ́n sì sọ fún un pé ó sọnù lọ́nà, kó tan iná fóònù wo inú ihò náà kó tó gbà gbọ́.

Èyí tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan bíríìjì, kì í ṣe bíríìjì ló jẹ̀bi. Lọ́rùn gìtá, níbi tí okùn ti ń gba ojú ìlà kéékèèké kọjá lọ sí pẹ́gì, egungun kan wà tí wọ́n ń pè ní nut. Lára gìtá olówó pọ́ọ́kú, rọ́bà ni, wọn kì í sì gé ojú ìlà rẹ̀ dáadáa. Okùn á há síbẹ̀. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn, tuner inú fóònù sì ti tó fún un. Ẹ kọ́kọ́ fi okùn sí ohùn tó pé. Ẹ tẹ ọ̀pá títí okùn yóò fi dẹ̀ pátá, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí ẹ tún wò. Bí okùn bá padà sókè ju ohùn rẹ̀ lọ, nut ló há a mọ́. Ẹ tún fi ìka fa okùn kan náà, bí àwọn tó ń ta búlúùsì ti ń fà á, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá padà sísàlẹ̀ ju ohùn rẹ̀, nut náà ni. Ṣùgbọ́n bí okùn gbogbo bá jọ wálẹ̀ lẹ́yìn títẹ̀, ẹ wo ìdí bíríìjì àti bí wọ́n ṣe wé okùn mọ́ pẹ́gì. Ẹni tó ń tọ́ gìtá ṣe tó mọṣẹ́ yóò gbọ̀n ojú ìlà náà díẹ̀, yóò fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù pa á. Owó tí iṣẹ́ yẹn ń gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bíríìjì tuntun, mo sì rò pé ìdajì àwọn tó ń wá bíríìjì tuntun ni yóò padà sílé tí wọ́n bá ṣe é.

Ojú ọjọ́ náà ní ẹ̀sùn tirẹ̀ láti dáhùn. Nínú òjò, ọ̀rinrin àti òógùn ọwọ́ ń jẹ àwọn síkúrù kéékèèké tó ń gbé okùn sókè sódò, títí wọn yóò fi dógùn-ún tí kọ́kọ́rọ́ wọn kò ní yí mọ́. Nínú ọyẹ́, igi ọrùn gìtá á gbẹ, á yẹ̀, ìfà okùn á yí padà, bíríìjì tó dúró gbọọrọ lóṣù kẹwàá á dà síwájú tàbí sẹ́yìn lóṣù kìíní. Ẹni tí kò mọ̀ á ní sípíríngì ti kú. Sípíríngì kì í tètè kú. Síkúrù méjì tó di irin sípíríngì mú lẹ́yìn ni kí wọ́n yí díẹ̀.

Ìbéèrè bóyá ọ̀pá yìí tó ohun tí à ń sanwó fún ló kù, ibẹ̀ sì ni orin fúnra rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ agbègbè yìí tí orúkọ rẹ̀ kàn jù nínú orin gìtá ni Dókítà Orlando Owoh. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní 1932, ṣùgbọ́n ará Ìfọ́n ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀. Bí a bá ń wá ẹnì kan tó so ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì pọ̀, òun náà ni. Káfíńtà ni kó tó di pé ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbà á ní 1958 láti máa lùlù kó sì máa kọrin. Ó dá ẹgbẹ́ Omimah sílẹ̀ ní 1960, lẹ́yìn náà Young Kenneries, lẹ́yìn náà African Kenneries International, ó sì ń kọrin títí ó fi kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Ohùn ọ̀fun rẹ̀ tó há ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ohùn ọ̀fun yẹn sílẹ̀ ná kí ẹ gbọ́ gìtá: ó ń dá a lóhùn, ó ń bá a jiyàn, ó ń lọ́ mọ́ ìlù lára. Gbígbọ̀n tó wà lára okùn níbẹ̀ dún sí etí mi bí iṣẹ́ ìka ọwọ́ òsì. Mi ò gbọ́ ibì kankan tí orin náà ti béèrè pé kí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ ni orin jùjú náà rí. Láti nǹkan bí 1949 tí Àyìndé Bakare ti fi iná sí gìtá nínú jùjú, ohun tí ẹgbẹ́ ń kó jọ ni gìtá púpọ̀, kì í ṣe gìtá kan tó ń ké. Nígbà tí King Sunny Adé àti Ebenezer Obey fi gbilẹ̀, gìtá mẹ́ta, mẹ́rin, ló ń pín ọ̀rọ̀ orin láàárín ara wọn, olúkúlùkù ń tún gbólóhùn kúkúrú tirẹ̀ sọ fún wákàtí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀ lóhùn, gbogbo ilé ló yẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ yẹn, gìtá tí kò ní tremolo rárá, tó dúró lóhùn láti alẹ́ di òwúrọ̀, níye lórí ju gìtá tó lè ké bí ẹṣin lọ.

Nígbà tí Sunny Adé sì fẹ́ ohùn tó ń yọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, kò lọ wá ọ̀pá tremolo. Gìtá Hawaii oní-pẹ́dà ló gbé wọ inú jùjú, èyí tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta. Nínú àwo Juju Music tí Island Records gbé jáde ní 1982, ó wà níbẹ̀ gbangba. Òun náà ni Paul Simon pè láti ta á nínú orin Graceland ní 1986. Lára gìtá yẹn, ẹsẹ̀ ló ń tẹ pẹ́dà, pẹ́dà kọ̀ọ̀kan sì mọ okùn tí òun ń yí àti ibi tí òun yóò gbé e dé. Ó ní òpin ìlọ, ó ní òpin ìbọ̀. Tremolo ń yí gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọwọ́ nìkan ló mọ ibi tó máa dúró. Ẹni tó bá ti gbọ́ ti Adépọ̀jù mọ ìdí tí àwọn àgbà fi yan ọ̀nà yẹn.

Mo gbà pé ayé ti ń yí. Àwọn tó dàgbà ní àwọn ọdún 1960 gbọ́ Apache ti The Shadows, tó jáde ní 1960, níbi tí Hank Marvin ti fi ọ̀pá náà mi ohùn díẹ̀díẹ̀, lórí gìtá Fender tí Cliff Richard rà fún un láti Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́ òní gbọ́ Hendrix tó fi tirẹ̀ ya orin ìyìn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sí wẹ́wẹ́ ní Woodstock ní 1969, ó gbọ́ Van Halen. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, nígbà tí àdúrà bá ń lọ tí gìtá ń dún jẹ́jẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè fi ọ̀pá náà gbọ̀n kọ́ọ̀dù kan kó sì dùn dé egungun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, òun ni ó sì yẹ kó náwó lé bíríìjì. Àwọn yòókù, kí wọ́n dì í pa.

Dídì í pa kò ní kí wọ́n ba gìtá jẹ́. Ẹ yí síkúrù sípíríngì lẹ́yìn wọlé títí pẹlẹbẹ bíríìjì yóò fi jókòó sórí igi, kí ẹ fi sípíríngì kún un bó bá kù. Ọ̀pá ṣì lè tẹ ohùn wálẹ̀, kò kàn ní lè fà á sókè ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúró pátápátá lè gé igi pẹlẹbẹ kan há àárín búlọ́ọ̀kù àti ara ihò, iṣẹ́ tí Orlando tó ti ṣe káfíńtà rí ìbá ṣe láìmí kanlẹ̀. Èrè rẹ̀ a máa hàn lóru ọjọ́ tí okùn bá já. Lórí bíríìjì tó ń léfòó, bí okùn kan bá já, ìfà á dínkù, sípíríngì á borí, bíríìjì á fà sẹ́yìn, okùn márùn-ún tó kù á gòkè kúrò lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín orin, níwájú ẹni tó ń náwó. Lórí èyí tó jókòó sórí igi, okùn tó já nìkan ló kú. Onígìtá lè fi márùn-ún parí orin náà. Bákan náà ni pé lórí èyí tó ń léfòó, bí ẹ bá fi ìka fa okùn kan, àwọn yòókù á wálẹ̀ díẹ̀, gbogbo ohun tó bá dún pọ̀ mọ́ ọn á dun etí. Bí olórin bá tún ní kí wọ́n sọ gìtá kalẹ̀ díẹ̀ nítorí ọ̀fun òun, ẹ fi okùn kan sóhùn, èkejì á yẹ̀. Ẹ padà sí ti àkọ́kọ́, òun náà á ti yẹ̀.

Ti Floyd Rose ni èyí le jù fún. Kò sí èyí tó ń padà sójú kan tó o bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Mo ní láti fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pípààrọ̀ okùn kan lára rẹ̀ ń béèrè kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà, píláyà láti gé orí okùn, àti sùúrù tí kò sí lóru òde. Orúkọ rẹ̀ lójú irin kò sì túmọ̀ sí ohun kan náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Original, Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe é, irin líle sì ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní Special ń ti Kòríà wá, síńkì ló wà ní búlọ́ọ̀kù àti ibi tí okùn jókòó lé. Èyí tó ní Licensed lára, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é lábẹ́ àṣẹ. Àwọn kan dára gidi, àwọn mìíràn kò tó irin tí wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ta Licensed fún yín ní owó Original, ọ̀rọ̀ kan ló fi ṣòwò.

Owó náà ti le sí i. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra gbogbo irin wọ̀nyí níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bíi 460 náírà ni dọ́là kan lójú ìwé ìjọba. Ní 2024 ó ti kọjá 1,500. Bíríìjì tí ọ̀dọ́ kan lè fi owó òde kan ṣoṣo rà tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó ń béèrè òde mẹ́ta, mẹ́rin. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ní kí wọ́n bá òun ra bíríìjì wá láti ọjà Àlàbá ní Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé rúlà. Àwọn gìtá tó tẹ̀lé ìwọ̀n Fender àtijọ́, láti síkúrù àkọ́kọ́ dé ìkẹfà jẹ́ bíi mílímítà 56; ọ̀pọ̀ ti Éṣíà jẹ́ 52.5. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìbú ìka ọwọ́ kan, ṣùgbọ́n kò ní wọlé. Ẹ wọn jíjìn ihò tí búlọ́ọ̀kù ń gbé pẹ̀lú, kí búlọ́ọ̀kù tuntun má baà yọrí lẹ́yìn. Ojú síkúrù ọ̀pá náà kì í bára mu: ti Amẹ́ríkà ń lo ìwọ̀n ínǹṣì, 10-32, ti Éṣíà sì sábà máa ń jẹ́ mílímítà 5 tàbí 6. Ẹni tó bá fi tipátipá yí ọ̀kan wọnú èkejì ti ba búlọ́ọ̀kù jẹ́ kó tó dé ilé.

Búlọ́ọ̀kù yìí ló jẹ́ kí n máa ronú sí àwọn oníléètì wa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni irin onígun mẹ́rin kan, ihò mẹ́fà fún okùn, ihò mẹ́ta fún síkúrù tó dì í mọ́ pẹlẹbẹ, ihò kan fún ọ̀pá, àti ihò kéékèèké fún sípíríngì. Ẹni tó ń gbẹ́ irin ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ọ̀wọ̀ tàbí Akúrẹ́ kò ní pe èyí ní iṣẹ́ bí wọ́n bá gbé ti àtijọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí àwòṣe. Ibi tí yóò ti nílò ìṣọ́ra ni ìdí ihò okùn, kí ojú rẹ̀ má mú débi tí yóò fi máa gé okùn, àti ojú síkúrù ọ̀pá, tó gbọ́dọ̀ bá ọ̀pá tó wà nílẹ̀ mu. Pẹlẹbẹ òkè ni kí wọ́n má dán wò, nítorí ojú tín-ínrín yẹn nílò irin tí wọ́n ti fi iná mú le, bí kò bá sì gún, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mò ń ra gìtá fún ọmọ tó ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìfọ́n, tòkunbọ̀ tí bíríìjì rẹ̀ ti ṣá, tí kò dán mọ́, ṣùgbọ́n tí òòfà mú pẹlẹbẹ rẹ̀ dáadáa, ni n ó mú. N ó san owó fún nut àti pẹ́gì, n ó mú kí bíríìjì náà jókòó sórí igi, n ó sì yọ ọ̀pá rẹ̀ sínú àpò gìtá. Bí ó bá wá di pé ọmọ náà ń wá a fúnra rẹ̀, tó ń tẹ bíríìjì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ kí orin lè gbọ̀n níbi tó fẹ́, ìgbà yẹn ni n ó tó máa béèrè iye tí wọ́n ń ta ti Wilkinson.